Ọkùnrin Tó Ní Kí Ojú Dúró De Ọjà

Ìwọ tí ìwé kékeré yìí bọ́ sí lọ́wọ́, mo kí ọ. Bóyá orí ìjókòó ọkọ̀ ni o ti rí i, bóyá ẹnì kan ló fi lé ọ lọ́wọ́ lẹ́nu ọ̀nà ibi iṣẹ́ rẹ. Mo bẹ̀ ọ́, kà á dé ìparí kí o tó sọ ọ́ nù. Ọ̀rọ̀ owó ni yóò kọ́kọ́ jọ lójú rẹ, ṣùgbọ́n kì í ṣe ọ̀rọ̀ owó.

Ọkùnrin kan wà tó ń ṣiṣẹ́ ní ilé ìtẹ̀wé. Òun ló ń ṣàkóso ẹ̀rọ ńlá tó ń tẹ ìwé àwọn ọmọ ilé-ẹ̀kọ́, tàdáwà kì í sì í kúrò lábẹ́ èékánná rẹ̀. Kì í mu ọtí. Kì í bá ènìyàn jà. Obìnrin kan ṣoṣo ló ní, òun náà sì ni ìyàwó rẹ̀. Lọ́jọ́ ìsinmi, kí wọ́n tó dá orin àkọ́kọ́ ní ilé ìjọsìn, yóò ti wà lórí ìjókòó rẹ̀. Bí o bá sọ fún un nígbà náà pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni, yóò rò pé o ṣì í mú fún ẹlòmíràn ni.

Ọkùnrin yìí ra ṣíà. Fún ẹni tí kò bá mọ̀, ṣíà ni ìpín kékeré tí ènìyàn ń rà nínú ilé-iṣẹ́ ńlá. Bí ọ̀pọ̀ ènìyàn bá ń fẹ́ ẹ, iye rẹ̀ a gòkè. Bí wọ́n bá ń sá fún un, iye rẹ̀ a wálẹ̀. Mo bi ẹni tó mọ̀ nípa rẹ̀ kí n tó kọ èyí, ó sì ní bẹ́ẹ̀ ló rí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé ọ̀rọ̀ náà gùn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ríra ṣíà kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Mo fẹ́ kí èyí yé wa dáadáa, kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo sọ ohun tí n kò sọ.

Fún ọdún díẹ̀, gbogbo ohun tó rà ló ń gòkè. Ó tún ilé ṣe. Ó di ẹni tí gbogbo ẹbí ń wá béèrè ìmọ̀ràn lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀, opó kan tó ń gbé pẹ̀lú wọn nínú yàrá ẹ̀yìn, tó sì ń rán aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ tà, ta ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ tí ọkọ rẹ̀ fi sílẹ̀, ó sì kó owó náà lé e lọ́wọ́.

Ó ní, "Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi fi síbi tí tiyín wà. Èmi ò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, ẹ̀yin ni mo mọ̀."

Níbí ni àṣìṣe rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀. Ó yẹ kó ra ṣíà náà ní orúkọ obìnrin yìí. Ṣùgbọ́n ó ní ìyẹn yóò mú wàhálà dání, pé bí owó bá pọ̀ lójú kan, àwọn alágbàtà tó ń bá ènìyàn ra ṣíà, tí wọ́n sì ń bá a tà á, a máa ka ènìyàn sí. Ó pò ó mọ́ tirẹ̀, ó fi orúkọ ara rẹ̀ sí gbogbo rẹ̀. Kò ní arékérekè kankan lọ́kàn nígbà náà. Àmọ́ láti ọjọ́ yẹn, obìnrin náà kò lè ta ohun tó jẹ́ tirẹ̀ àfi bí ọkùnrin yìí bá sọ pé kí wọ́n tà á.

Lẹ́yìn náà, ọjà bẹ̀rẹ̀ sí í wó.

Ní ilé alágbàtà, gbọ̀ngàn gígùn kan wà, ẹ̀rọ amóhùnmáwòrán ńlá kan sì wà lára ògiri rẹ̀. Bí ṣíà bá gòkè, àwọ̀ rẹ̀ a di àwọ̀ ewé. Bí ó bá wálẹ̀, a di pupa. Ọ̀pọ̀ ènìyàn a máa yà síbẹ̀ lásìkò oúnjẹ ọ̀sán, wọ́n a gbé orí sókè, wọ́n a máa wò. Ọkùnrin yìí ní ìjókòó tirẹ̀ lẹ́bàá òpó. Ọjọ́ kan tí ọjà gòkè gan-an, ibẹ̀ ló jókòó sí, kò sì jókòó síbòmíràn mọ́ láti ìgbà náà.

Bí ó bá ti wọlé, àwọn ọkùnrin a pariwo pé, "Ẹ dìde fún un o! Ẹ jẹ́ kó jókòó síbi tó máa ń jókòó sí, kí ọjà má baà tún wó lé wa lórí."

"Ẹ máa fi mí ṣẹ̀sín," ni òun náà yóò wí. "Tó bá gbéra, a óò mọ ẹni tí yóò máa kí mi láti òkèèrè. Á tún gòkè."

Ohun tó ń sọ nìyẹn lójoojúmọ́. Á tún gòkè. Wọ́n kúkú sọ ọ́ ní Á-Tún-Gòkè, bẹ́ẹ̀ ni èmi náà yóò sì máa pè é.

Ó ní ọ̀rẹ́ kan, káfíńtà, tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́yìn ilé ìtẹ̀wé. Àwọn méjèèjì ni wọ́n jọ máa ń lọ sí gbọ̀ngàn náà. Lọ́jọ́ kan, Káfíńtà dìde láàárín àwọn ènìyàn, ó ní òun ti ta tòun.

Á-Tún-Gòkè yíjú sí i. "O tà á? Pẹ̀lú àdánù?"

"Pẹ̀lú àdánù ńlá."

"Ojo!"

"Ojo ni mí lóòótọ́," ni Káfíńtà wí. "Mi ò lè gbàdúrà mọ́, ọ̀rẹ́ mi. Bí mo bá kúnlẹ̀, pupa ni mo ń rí. Ẹ jẹ́ kí ojo máa relé."

Gbogbo gbọ̀ngàn rẹ́rìn-ín. Láti ọjọ́ náà, bí Káfíńtà bá ń kọjá lójú pópó, wọ́n a kí i pé, "Ojo, ó dàárọ̀ o!" Òun náà a juwọ́ sí wọn.

Ọjà kò yéé wó. Lójoojúmọ́ ni wọ́n sì ń rí ìdí tí yóò fi sọjí. Wọ́n ní ọ̀mọ̀wé kan sọ lórí rédíò pé ó ti dé ìsàlẹ̀ pátápátá. Wọ́n ní àwọn olówó láti òkè òkun fẹ́ padà wá rà á. Wọ́n ní ìjọba kò ní wò ó níran. Inú wọn a dùn di ọjọ́ kejì. Lọ́jọ́ kejì, wọ́n a rí i pé ìsàlẹ̀ tí wọ́n ní ó dé yẹn tún ní ìsàlẹ̀ mìíràn lábẹ́. Díẹ̀díẹ̀, àwọn kan kò wá mọ́. Àwọn ìjókòó ṣófo. Ṣùgbọ́n àwọn tó kù kò wo àwọn ìjókòó náà. Òkè ni wọ́n ń wò.

Nínú ilé, nǹkan yí padà. Òkè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì ni wọ́n ń gbé, Á-Tún-Gòkè sì ka ọ̀rọ̀ náà "sọ̀ kalẹ̀" léèwọ̀ fún gbogbo ilé. Ó ní òun kò fẹ́ gbọ́ "wálẹ̀", òun kò fẹ́ gbọ́ "ṣubú".

Ọmọbìnrin rẹ̀ a dúró lẹ́nu ọ̀nà pẹ̀lú ike omi, a ní, "Màmá, mo fẹ́ lọ pọnmi níbi tí kì í ṣe òkè."

Ìyá rẹ̀ a ní, "Rọra gba ojú àtẹ̀gùn o, kí o má lọ ṣe ohun tí Bàbá yín kò fẹ́ ká dárúkọ."

Wọ́n a rẹ́rìn-ín nínú yàrá ìdáná. Bí wọ́n bá gbúròó ẹsẹ̀ rẹ̀, ẹ̀rín náà a kú. Ẹ̀rù rẹ̀ ti bẹ̀rẹ̀ sí í bà wọ́n. Kì í pariwo. Ó kàn lè wà láàárín wọn, kí ojú rẹ̀ máa wo ibi tí ẹnikẹ́ni nínú wọn kò rí.

Ní àsìkò yìí ni ojú Ẹ̀gbọ́n, opó inú yàrá ẹ̀yìn, bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe é. Ó kọ́kọ́ ń yí gbogbo orí rẹ̀ kó tó rí ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń da omi sí ẹ̀gbẹ́ ife. Okùn kò wọ ojú abẹ́rẹ́ mọ́, ọmọbìnrin ilé ló ń bá a ki í bọ̀ ọ́ ní òwúrọ̀ kó tó lọ sílé-ẹ̀kọ́. Wọ́n mú un lọ sí ilé-ìwòsàn. Èmi kì í ṣe dókítà, nítorí náà ohun tí wọ́n sọ ni mo ń sọ: wọ́n ní omi inú ẹyin ojú rẹ̀ ń fún ojú náà pa láti inú wá. Wọ́n ní èyí tó ti lọ nínú ìríran rẹ̀ kò ní padà, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá tètè ṣe iṣẹ́ abẹ, ó ṣeé ṣe kí wọ́n dá èyí tó kù sí.

Ẹ̀gbọ́n padà délé, ó jókòó sí pálọ̀, ó ká ọwọ́ lé itan.

"Bàbá àwọn ọmọ, ẹ bá mi ta tèmi."

"Ẹ̀gbọ́n, bí a bá tà á báyìí, ó kéré. Kò ní tó iṣẹ́ abẹ náà."

"Ṣé kò ní tó?"

"Kò ní tó. Ẹ ṣe sùúrù. Á tún gòkè."

Òótọ́ ló sọ lọ́jọ́ náà, kò tó lóòótọ́. Ìyàwó rẹ̀ ní kí ó fi tirẹ̀ kún un. Ó dá a lóhùn pé ẹni tó bá tà nígbà tí ọjà wà nísàlẹ̀ kò ní ọpọlọ. Lọ́jọ́ ìsinmi, ó dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ níwájú pẹpẹ, ó sunkún. Àwọn ènìyàn rò pé nítorí ojú Ẹ̀gbọ́n ni. Mo fẹ́ kí o mọ ohun tó tọrọ gan-an, nítorí òun fúnra rẹ̀ ló jẹ́wọ́ rẹ̀ lẹ́yìn náà: ó ní kí Olúwa sọ ọjà di àwọ̀ ewé.

Ọjà náà sì di àwọ̀ ewé.

Ọ̀sán ni. Ó wọ gbọ̀ngàn, ó rí i tí àwọn àgbà ọkùnrin ń dì mọ́ra wọn. Ẹnì kan ń jó láìsí orin. "Á-Tún-Gòkè! Á-Tún-Gòkè!" ni wọ́n ń kígbe, wọ́n sì gbé e sókè bí ẹni gbé ọmọ. Wọ́n ní ìṣòro ti tán. Wọ́n ní àwọn tó tà ti fi owó ara wọn ta ẹlòmíràn lọ́rẹ.

Ọmọbìnrin tó ń ṣe akọ̀wé fún alágbàtà pè é sí ẹ̀gbẹ́ tábìlì rẹ̀. Ìyàwó Á-Tún-Gòkè ti wá síbẹ̀ rí, ó ti fi omijé ṣàlàyé ọ̀rọ̀ ojú náà fún un.

Akọ̀wé náà ní, "Bàbá, ti ẹ̀gbọ́n ìyàwó yín yẹn. Mo ti wò ó. Lónìí, ìpín tiwọn tó iṣẹ́ abẹ náà. Ṣé kí n tà á?"

Á-Tún-Gòkè wo ẹ̀rọ náà lára ògiri. Àwọ̀ ewé ni láti òkè dé ìsàlẹ̀.

"Ẹ jẹ́ ká ní sùúrù díẹ̀."

"Títí dìgbà wo, Bàbá?"

"Ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ ni. Ṣé ìgbà tí èrè dé ni kí ènìyàn kúrò lórí ìjókòó?"

"Ojú ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, Bàbá."

"Mo ní ká ní sùúrù!"

Ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ ni pé bí ọjà bá tún gòkè sí i, yóò tó fún iṣẹ́ abẹ, yóò sì tún dá àdánù tirẹ̀ padà. Bí wọ́n bá yọ tobìnrin náà kúrò, tirẹ̀ yóò kù fẹ́ẹ́rẹ́, alágbàtà kò sì ní kà á sí mọ́. Nítorí èyí, ó padà sílé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nígbà tí Ẹ̀gbọ́n sì béèrè, ó purọ́.

"Wọn ò tíì gbà ká tà, Ẹ̀gbọ́n. Wọ́n ti ilẹ̀kùn títà fún ìgbà díẹ̀."

"Bí wọ́n bá ṣí i ńkọ́?"

"Lójú ẹsẹ̀ ni n óò tà á."

"Ọlọ́run yóò san án fún yín, Bàbá àwọn ọmọ. Mo mọ̀ pé ẹ ò lè fi mí sílẹ̀."

Òǹkàwé mi, ẹ̀ṣẹ̀ lè má ní òórùn ọtí. Ó lè wọ aṣọ funfun, kó sọ̀rọ̀ jẹ́jẹ́ nínú pálọ̀, kí ẹni tó ń pa lára sì máa gbàdúrà fún un.

Kò pẹ́ tí ọjà tún fi wó, ìwó tó wó yìí sì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Ní gbọ̀ngàn, kò sẹ́ni tó pariwo. Wọ́n kàn ń dìde níkọ̀ọ̀kan, wọ́n ń gbọn ẹ̀yìn ṣòkòtò wọn, wọ́n ń jáde láìdágbére. Á-Tún-Gòkè jókòó síbi òpó títí akọ̀wé fi wá bẹ̀ ẹ́ pé kó jẹ́ kí wọ́n gbálẹ̀.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kan, oòrùn ti mọ́lẹ̀ kedere, gbogbo ilé ń múra. Ẹ̀gbọ́n jáde láti yàrá rẹ̀, ó dúró ní àárín pálọ̀.

Ó ní, "Ta ló ti fèrèsé?"

Fèrèsé ṣí sílẹ̀. Aṣọ fèrèsé ń fẹ́ lẹ́lẹ́, ìmọ́lẹ̀ sì wà lójú rẹ̀, lórí imú rẹ̀, nínú ẹyin ojú rẹ̀ méjèèjì.

"Ẹ ṣí i, ẹ jọ̀ọ́. Ilẹ̀ ti mọ́, àbí kò tíì mọ́?"

Àbúrò rẹ̀ ló kọ́kọ́ fi igbe ta. Wọ́n gbé e dìgbàdìgbà lọ sí ilé-ìwòsàn. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò pẹ́, ó gbé iná sílẹ̀, ó ní, "Ká ní ẹ ti wá ṣáájú…"

Láti ìgbà náà ni ọkàn Á-Tún-Gòkè kò ti ní ìsinmi. Kì í ṣe pé Ẹ̀gbọ́n bá a jà. Ohun tó burú jù ni pé ó ń dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Bí àlejò bá wá kẹ́dùn, yóò ní, "Bàbá àwọn ọmọ wa gbìyànjú fún mi. Àwọn ará ọjà ni wọn ò jẹ́ ká tà." Á-Tún-Gòkè a sì dìde bí ẹni fẹ́ lọ tọ̀, a lọ dúró sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ẹ̀gbọ́n ń fi àtẹ́lẹwọ́ tọ ògiri bó ti ń rìn. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, ilà dúdú tẹ́ẹ́rẹ́ kan hàn lára ògiri náà láti ẹnu yàrá ẹ̀yìn dé pálọ̀, ní gíga èjìká rẹ̀. Á-Tún-Gòkè fi ọṣẹ fọ̀ ọ́. Ó padà. Ó tún fọ̀ ọ́, ó sì fi ọ̀dà kùn ún. Ó tún padà. Bí ó bá jókòó láti jẹun, ilà náà ló ń wò.

Ní ibi iṣẹ́, ẹ̀rọ ìtẹ̀wé tó ti mọ ohùn rẹ̀ láti ọjọ́ pípẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. Tà á, tà á, tà á. Ó dá ẹ̀rọ náà dúró, ó da òróró sí i, ó tún tan án. Tà á, tà á, tà á. Ọ̀gá rẹ̀ béèrè ohun tó ń ṣe ẹ̀rọ. Ó ní kò sí.

Síbẹ̀, ó tún ń lọ sí gbọ̀ngàn. Kò mọ ìdí tó fi ń lọ. Ènìyàn mẹ́ta tàbí mẹ́rin ló kù níbẹ̀, wọn kì í sì í bá ara wọn sọ̀rọ̀. Lọ́sàn-án ọjọ́ kan, bó ti gbé orí sókè, ó rí i tí ìlà kan lára ẹ̀rọ náà di àwọ̀ ewé. Ọkàn rẹ̀ fò fún ayọ̀.

Ohun tó dẹ́rù bà á jù lọ láyé rẹ̀ nìyẹn. Ojú ti lọ. Obìnrin náà wà nílé tó ń tọ ògiri. Ọkàn rẹ̀ sì ṣì fò fún ayọ̀! Ó bi ara rẹ̀ léèrè pé, "Irú nǹkan wo ló ń gbé inú mi yìí?" Ó dìde, ó jáde, ó rìn títí ó fi bá ara rẹ̀ ní ṣọ́ọ̀bù Káfíńtà.

Káfíńtà ń fá pákó. Ó wò ó lójú, ó gbé irinṣẹ́ sílẹ̀.

"Jókòó. Má jókòó sórí ìyẹn, gọ́ọ̀mù rẹ̀ kò tíì gbẹ. Kí ló dé?"

Á-Tún-Gòkè sọ gbogbo rẹ̀. Ó sọ ti akọ̀wé, ó sọ irọ́ tó pa, ó sọ ti ayọ̀ tó yọ lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Káfíńtà kò já ọ̀rọ̀ gbà mọ́ ọn lẹ́nu. Nígbà tó parí, Káfíńtà bi í pé:

"Kí lo fẹ́ kí Jésù ṣe fún ọ?"

"Kó dá ojú rẹ̀ padà."

"Ó lágbára láti ṣe é. Bóyá yóò ṣe é, n kò mọ̀, n kò sì ní purọ́ fún ọ. Ìwọ fúnra rẹ ńkọ́?"

"Èmi kọ́ ni mo fọ́jú."

"Ṣé ó dá ọ lójú?"

Á-Tún-Gòkè bo ojú rẹ̀. Ó ní, "Ọ̀rẹ́ mi, n óò tọ Ọlọ́run lọ. Mo gbọ́dọ̀ tọ̀ ọ́ lọ. Ṣùgbọ́n jẹ́ kí n kọ́kọ́ wá owó díẹ̀, kí n mú un lọ sọ́dọ̀ dókítà mìíràn. Jẹ́ kí n kọ́kọ́ tún ohun tí mo bàjẹ́ ṣe. Bí mo bá ti dà bí ènìyàn díẹ̀, n óò lè dúró níwájú rẹ̀."

"Ìyẹn náà lo sọ nígbà tí wọ́n ní kí o tà," ni Káfíńtà wí. "O tún fẹ́ dúró kí iye tìrẹ kọ́kọ́ gòkè. Gbọ́ mi. Jésù kò rà ọ́ nígbà tí o wọ́n. Nígbà tí ẹnikẹ́ni kò lè fi ohunkóhun rà ọ́ ló san ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ lórí igi. Báyìí tí o rí yìí gan-an ló fẹ́ ọ. Bí o bá dúró, kì í ṣe pé ìfẹ́ rẹ̀ sí ọ yóò dín kù, ṣùgbọ́n ọjọ́ ayé tìrẹ ni yóò máa dín kù."

"Bí mo bá gbà á, ṣé ọkàn mi kò ní fò mọ́?"

"Tèmi ṣì ń fò nígbà mìíràn. Ṣùgbọ́n òun kọ́ ni ọ̀gá mi mọ́. Ohun kan kù o. O gbọ́dọ̀ sọ fún Ẹ̀gbọ́n."

Á-Tún-Gòkè gbé ojú sókè. "Yóò lé mi jáde."

"Nínú ilé tìrẹ?"

Ẹ̀rín bọ́ lẹ́nu àwọn méjèèjì lójijì, ẹ̀rín náà ló sì di ẹkún lẹ́nu Á-Tún-Gòkè. Ó kúnlẹ̀ sínú èérún pákó. Kò tọrọ ọjà. Kò tọrọ owó. Ó pe ẹ̀ṣẹ̀ rẹ̀ ní orúkọ tó ń jẹ́: ó ní olójúkòkòrò ni òun, ó ní òpùrọ́ ni òun, ó ní òun ti fi Ọlọ́run ṣe ìránṣẹ́ ọjà, ó sì bẹ Jésù Kristi pé kó gba òun bí òun ti rí. Káfíńtà tó wà níbẹ̀ sọ fún mi pé kò sí ìmọ́lẹ̀ tó tàn, kò sí ohùn tó dún. Ọkùnrin náà kàn dìde, ó gbọn èérún kúrò ní orúnkún rẹ̀, ó ní, "Jẹ́ kí n máa lọ sílé kí ẹ̀rù tó tún bà mí."

Ó bá Ẹ̀gbọ́n nínú yàrá ẹ̀yìn, tó ń fi ọwọ́ wá etí aṣọ láti ká a. Ó dọ̀bálẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, wọn ò ti ilẹ̀kùn títà."

"Ilẹ̀kùn wo?"

"Ti ọjà. Ọjọ́ tí mo sọ fún yín pé wọn ò jẹ́ ká tà. Wọ́n bi mí pé ṣé kí wọ́n tà á, mo ní rárá. Irọ́ ni mo pa fún yín."

Ọwọ́ obìnrin náà dúró lórí aṣọ. Kò pè é ní Bàbá àwọn ọmọ mọ́.

"Ṣé owó náà tó lọ́jọ́ náà?"

"Ó tó."

"Ìwọ mọ̀ pé ó tó?"

"Mo mọ̀."

"Jáde."

Kò fọwọ́ kàn án, kò ṣépè. Lẹ́yìn ìgbà díẹ̀, Ẹ̀gbọ́n kó lọ sọ́dọ̀ ọmọ rẹ̀ obìnrin tó wà nílé ọkọ. Á-Tún-Gòkè ta gbogbo ṣíà tó kù, tirẹ̀ àti ti obìnrin náà, pẹ̀lú àdánù, ó kó gbogbo owó náà fún un. Iye rẹ̀ kéré. Àwọn ará gbọ̀ngàn gbọ́, wọ́n ní ó ti ya wèrè. Bí wọ́n bá pè é ní Ojo bíi ti ọ̀rẹ́ rẹ̀, kò jiyàn.

Lẹ́yìn iṣẹ́, ó ń yà síbi tí obìnrin náà wà, ó ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀. Wọn kò pè é wọlé. Ó ń jókòó, ó ń gbàdúrà, ó ń lọ. Ó ṣe èyí pẹ́, òjò pa á níbẹ̀, ó wà níbẹ̀ títí òjò fi dá. Nígbà tó yá, ohùn kan wá láti inú ilé.

"Ta nìyẹn?"

"Èmi ni, Ẹ̀gbọ́n."

"Wọlé." Nígbà tó wọlé, obìnrin náà kọjú síbi tí ohùn rẹ̀ ti wá. "Mo ti dárí jì ọ́ nítorí Jésù tí èmi náà ń sìn. Ṣùgbọ́n má ṣe sọ fún mi láéláé pé ó ti tán. Kò tán. N kì í rí ojú ọmọ ọmọ mi."

"N kò ní sọ bẹ́ẹ̀."

"Ìwé Mímọ́ mi wà lórí àga. Láti òní lọ, ìwọ ni yóò máa kà á fún mi. Má sì fo ìlà kankan, nítorí n óò mọ̀."

Bẹ́ẹ̀ ló ń ṣe títí di òní. Ojú Ẹ̀gbọ́n kò là. Mo wádìí rẹ̀ dáadáa kí n tó kọ ọ́, nítorí n kò fẹ́ fi iṣẹ́ ìyanu tí kò ṣẹlẹ̀ tàn ọ́ wá sọ́dọ̀ Ọlọ́run. Ohun tó ṣẹlẹ̀ ni pé ọkùnrin tó ṣègbé di ẹni ìgbàlà, ó sì lè jókòó níwájú ẹni tó pa lára láìsá sẹ́yìn ilẹ̀kùn.

Ìwọ tó ń ka èyí, ó ṣeé ṣe kí o má ní ṣíà kankan. Ṣùgbọ́n kí ni ìwọ ń dúró dè? O ti gbọ́ orúkọ Jésù rí. O ní bí ọwọ́ rẹ bá dẹ̀. O ní bí o bá fẹ̀yìn tì. O ní jẹ́ kí o kọ́kọ́ fi obìnrin yẹn sílẹ̀, tàbí igò yẹn, tàbí irọ́ tí o ń pa níbi iṣẹ́, kí o tó wá. Ta ló sọ fún ọ pé ọ̀la yóò sàn ju òní lọ? Èmi kò mọ ọ̀la. Ìwọ náà kò mọ̀ ọ́n. Ẹ̀gbọ́n wà láàyè láti gbọ́ ìjẹ́wọ́ ọkùnrin yìí. Ǹjẹ́ ẹni tí ìwọ ṣẹ̀ yóò wà láàyè di ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀? Ìwọ fúnra rẹ, ǹjẹ́ ìwọ yóò wà?

Má ṣe tún ara rẹ ṣe kí o tó wá. Jésù ti kú fún ọ bí o ti rí, ó sì jíǹde láti gbà ọ́. Sọ fún un báyìí, níbi tí o wà, pé ẹlẹ́ṣẹ̀ ni ọ́. Dárúkọ ẹ̀ṣẹ̀ náà. Bẹ̀ ẹ́ pé kó dárí jì ọ́, kó sì di Olúwa rẹ. Bí ojú bá ń tì ọ́ nítorí àwọn tó jókòó nítòsí rẹ, sọ ọ́ sínú, yóò gbọ́. Lẹ́yìn náà, dìde, lọ bá ẹni tí o ṣẹ̀.

Ọ̀rọ̀ tèmi tán síbí. Èyí tó kù wà láàárín ìwọ àti Ẹni tó ń pè ọ́. Dá a lóhùn.